Àwọn Ògbufọ̀ Tó Gbé Ìwé Dutch Wọ Inú Èdè Gẹ̀ẹ́sì

Èdè Dutch, tí nǹkan bíi mílíọ̀nù 25 ènìyàn ń sọ ní Nẹ́dálándì, ní Flanders tí í ṣe apá àríwá Bẹ́ljíọ̀m, àti ní Suriname ní Gúúsù Amẹ́ríkà, há sí àárín èdè ńlá mẹ́ta, ìyẹn Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Jámánì, èyí tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá ń fi í kọ̀wé mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé bí kò bá sí ẹni tí yóò bá òun túmọ̀ iṣẹ́ òun, ohùn òun kò ní kọjá bodè. Àwọn tó ń sọ ọ́ ń ka àwọn òǹkọ̀wé èdè Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni ń ka ti ara wọn, yálà ní ojúlówó èdè náà tàbí nínú ìtumọ̀ tí àwọn atẹ̀wé Amsterdam ń gbé jáde lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó ń ti ọ̀dọ̀ wọn lọ sí òdìkejì òkun. Bí a bá tọ ipasẹ̀ ìwọ̀nba náà láti ìgbà tí iṣẹ́ ìtẹ̀wé ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí di òní, yóò hàn pé kì í ṣe bí ìwé ṣe dára tó, tàbí bí àwọn ará ilé ṣe fẹ́ràn rẹ̀ tó, ló ń pinnu ìgbà tí yóò rékọjá. Ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń wá lọ́wọ́ ní àsìkò náà ni ó ń ṣílẹ̀kùn, agídí ẹnìkan ṣoṣo tó gba iṣẹ́ ògbufọ̀ bí ẹni gba ẹrù sórí ni ó sì ń gbé ìwé náà wọlé.

Àpẹẹrẹ tó lórúkọ jù lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ni ti William Caxton, oníṣòwò tó gbé ní Bruges ní Flanders fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àkọ́kọ́ wọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1476. Ní 1481 ó tẹ ìtàn Reynard jáde, èyí tí òun fúnra rẹ̀ túmọ̀ láti inú ìwé Dutch kan tí Gerard Leeu tẹ̀ ní ìlú Gouda ní 1479. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni Reynard, ó ń fi ẹnu dídùn àti àrékérekè bọ́ lọ́wọ́ ìdájọ́ ọba kìnnìún, ó sì ń dójú ti ìkookò àti béárì tó lágbára jù ú lọ, tí ẹnikẹ́ni tó bá dàgbà sídìí àlọ́ Ìjàpá yóò fi dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Caxton kò jìnnà sí ọ̀rọ̀ tó ń tú rárá, débi pé ọ̀rọ̀ Dutch àti ìtò gbólóhùn Dutch ṣì wà káàkiri inú ìwé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Everyman, eré ìgbàanì kan tí a fi ń kọ́ni ní ìwà, nínú èyí tí Ikú, Ọrọ̀, Ìbátan àti Iṣẹ́ Rere ti ń rìn tí wọ́n sì ń fọhùn bí ènìyàn, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ń kọ́ bí ogún baba wọn. Àríyànjiyàn pọ̀ lórí rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn onímọ̀ ti gbà báyìí pé Elckerlijc, eré Dutch tí wọ́n tẹ̀ ní Delft ní nǹkan bí 1495, ni orísun rẹ̀. Ta ló túmọ̀ rẹ̀? Orúkọ onítọ̀hún ti sọnù, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ṣì ń gba àtẹ́wọ́ lórí ìtàgé.

Lẹ́yìn ìwọ̀nyí, ìwé òwò ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń wá. Jan Huygen van Linschoten, tó ti ṣe akọ̀wé fún bíṣọ́ọ̀bù àgbà àwọn Potogí ní Goa ní ilẹ̀ Íńdíà, tẹ ìwé ìrìnàjò rẹ̀, Itinerario, jáde ní 1596, ó sì tú àṣírí ọ̀nà òkun àti ọjà ata òun èròjà ọbẹ̀ tí àwọn Potogí ti ń fi pamọ́. Ọdún méjì péré ló gbà kí William Phillip tó túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1598, nígbà tó sì di 1600 àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì ti gba ìwé àṣẹ láti dá ilé-iṣẹ́ òwò Ìlà-Oòrùn Indies tiwọn sílẹ̀. Kò sí ìwé ewì Dutch kankan tó rí irú ìkánjú bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ìtàn yìí ti kan ilẹ̀ Yorùbá gan-an nìyí, nítorí òwò náà pẹ̀lú ló mú kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì túmọ̀ ohun tí àwọn Dutch kọ nípa etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Olfert Dapper, oníṣègùn ará Amsterdam tí kò fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Áfíríkà rí, kó àkọsílẹ̀ àwọn oníṣòwò àti atukọ̀ jọ, ó sì tẹ ìwé gbàǹgbà kan jáde ní 1668 nípa gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Nínú rẹ̀ ni ó ti sọ nípa ìjọba ńlá kan tó pè ní Ulkami, tó wà ní òkè ilẹ̀ láàárín Arder, ìyẹn Allada ní orílẹ̀-èdè Benin òde òní, àti ilẹ̀ ọba Benin. Ó ní láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kó ẹrú wá fún àwọn Dutch àti Potogí ní etí òkun, ó sì fi kún un pé àwọn ará Arder kò ka èdè tiwọn sí tó bẹ́ẹ̀, èdè Ulkami ni wọ́n fẹ́ràn láti máa kọ́ àti láti máa sọ. Orúkọ kan náà yìí ni àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lọ sí Cuba ń jẹ́ níbẹ̀, Lucumí, àwọn onímọ̀ ìtàn sì gbà pé àwọn Yorùbá ni Dapper ń sọ̀rọ̀ wọn. John Ogilby, ẹni tó ti túmọ̀ àwọn akéwì Látìn àti Gíríìkì ṣáájú, gbé ìwé Dapper sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì tẹ̀ ẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1670 lórúkọ ara rẹ̀. Báyìí ni ìròyìn nípa agbára èdè Yorùbá ṣe dé etí òǹkàwé Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, láti ẹnu oníṣòwò ẹrú sí ọwọ́ oníṣègùn Amsterdam, àti láti ọwọ́ tirẹ̀ sí ọwọ́ ògbufọ̀ kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò sí ẹ̀rí pé ẹyọ kan nínú wọn gbọ́ èdè náà.

Willem Bosman ní tirẹ̀ dé etíkun náà. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó débẹ̀ ní 1688 gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ òwò Dutch, ọdún 14 ni ó sì lò kí ó tó padà sílé, nígbà tí ó ti dé ipò gíga ní odi Elmina. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1704 ní àwòrán lẹ́tà tí ó ń kọ sí ọ̀rẹ́ kan, ó sọ nípa wúrà, eyín erin àti ẹrú, ó sọ nípa Ouidah àti òjòlá tí wọ́n ń bọ níbẹ̀, ó sì fi lẹ́tà tí David van Nyendael kọ nípa ìlú Benin kún un. Ní 1705 ni ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti jáde. Fún igba ọdún ó lé ní ọgọ́ta ni àwọn òpìtàn fi gbẹ́kẹ̀ lé ìtumọ̀ yìí láìwo ojúlówó rẹ̀, títí Albert van Dantzig, òpìtàn ọmọ Dutch tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Ghana, fi jókòó ní àwọn ọdún 1970, tó fi Dutch àti Gẹ̀ẹ́sì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, gbólóhùn sí gbólóhùn. Ohun tó rí bani lọ́kàn jẹ́: ibì kan ni ògbufọ̀ ti fo ọ̀rọ̀, ibì kan ni ó ti ṣì í gbọ́, ibòmíràn ni ó ti sọ òdìkejì ohun tí Bosman wí. Ìwé ìtàn etíkun Guinea tó ti jáde lórí àṣìṣe wọ̀nyẹn kò ṣeé kó padà mọ́. Iṣẹ́ van Dantzig, tí ó gba sùúrù púpọ̀ tí kò sì lókìkí, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn oore tó tóbi jù tí ẹnìkan ṣe fún ìtàn apá ibí yìí.

Ọ̀rúndún kan ààbọ̀ tó tẹ̀lé ìwé Bosman kò mú ohun púpọ̀ wá. John Bowring kó ewì Dutch díẹ̀ jọ ní 1824, àwọn ọ̀mọ̀wé díẹ̀ sì kà á, ó parí síbẹ̀. Ìwé tó wá fọ́ ìdákẹ́jẹ́ náà jáde láti ọwọ́ ẹni tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọ́n bí Eduard Douwes Dekker ní Amsterdam ní 1820, ó sì wọkọ̀ lọ sí Ìlà-Oòrùn Indies, àwọn erékùṣù tí à ń pè ní Indonéṣíà lónìí, ní 1838. Ìlànà kan wà níbẹ̀ láti 1830 tí ó fi dandan lé e pé kí àwọn abúlé Java ya apá kan ilẹ̀ wọn sọ́tọ̀ fún kọfí, ìrèké àti èlú tí ìjọba Dutch ń kó lọ tà ní Yúróòpù, àwọn olóyè ìbílẹ̀ tó ń bójú tó o sì ní ìpín tiwọn nínú èrè. Ní oṣù kìn-ín-ní 1856, wọ́n fi Dekker ṣe igbákejì ajẹ́lẹ̀ ní Lebak ní Java. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta níbẹ̀ tí ó fi fẹ̀sùn kan olóyè àdúgbò náà pé ó ń gba ẹfọ̀n àwọn àgbẹ̀ láìsanwó, ó sì ń mú wọn ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ kò gbè é, ó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, òṣì sì bá a dé Yúróòpù. Ní ìparí 1859, nínú yàrá ilé-èrò kan ní Brussels, ó kọ Max Havelaar láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó sì fi Multatuli ṣe orúkọ ìkọ̀wé, èyí tó túmọ̀ sí “mo ti fara da púpọ̀” ní èdè Látìn.

Ó yẹ kí a dúró ti ìwé náà díẹ̀, nítorí bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ni ó sọ ọ́ di ìṣòro fún gbogbo ògbufọ̀ tó dé ìdí rẹ̀. Alágbàtà kọfí kan tó ń jẹ́ Droogstoppel, tó ń gbé ní òpópónà Lauriergracht ní Amsterdam, ni ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà. Ó kórìíra ewì, ó fẹ́ràn owó, ó sì ń fi Bíbélì ti èrè rẹ̀ lẹ́yìn. Ìwé kan tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́ tó ti di tálákà kó fún un ni ó fi lé ọ̀dọ́mọkùnrin ará Jámánì kan, Stern, lọ́wọ́, Stern sì ń fi ohùn tó kún fún ẹ̀dùn sọ ìtàn Havelaar ní Lebak. Láàárín rẹ̀ ni ìtàn Saidjah àti Adinda wà. Ọmọ àgbẹ̀ ni Saidjah, olóyè sì gba ẹfọ̀n tí wọ́n fi ń túlẹ̀ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Bàbá náà ta ọ̀bẹ ogún ìdílé láti ra òmíràn. Ẹfọ̀n kan nínú àwọn tó tẹ̀lé e fi ìwo gba ọmọ náà lọ́wọ́ ẹkùn, olóyè tún gba òun náà, wọ́n sì pa á jẹ. Saidjah lọ ṣiṣẹ́ ní Batavia kí ó lè fi owó fẹ́ Adinda. Nígbà tí ó padà, ilé Adinda ti tú, ọ̀nà ni ó sì tọ̀ títí tó fi kú sẹ́nu ọ̀bẹ ìbọn àwọn ọmọ ogun Dutch. Ní òpin ìwé náà, Multatuli fúnra rẹ̀ yọ sójú ewé, ó lé Droogstoppel àti Stern kúrò, ó sì kọjú sí Ọba Willem Kẹta láti bi í bóyá pẹ̀lú ìfọwọ́sí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fìyà jẹ àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ lókèèrè. Ohùn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni èyí, ògbufọ̀ tí kò bá sì lè mú ahun àti oníwà-bí-Ọlọ́run èké bíi Droogstoppel fọhùn dáadáa yóò kàn rí ìwé ẹ̀sùn lásán gbé kalẹ̀ ni.

Wàhálà ìwé náà ti bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Jacob van Lennep, agbẹjọ́rò àti òǹkọ̀wé olókìkí tó bá Dekker wá atẹ̀wé, gba ẹ̀tọ́ ìní ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀ fún 500 guilder, ó yọ orúkọ ìlú àti ọdún kúrò, ó sì to àmì ìdánudúró sójú àyè wọn, kí ẹ̀sùn náà má baà ní àdúgbò tí yóò dé sí. Nígbà tó jáde ní 1860, wọ́n tà á ní guilder mẹ́rin, owó tí kì í ṣe ti mẹ̀kúnnù. Dekker pè é lẹ́jọ́, kò sì jàre. Títí di 1875 ni ó tó rí àyè dá àwọn orúkọ náà padà. Ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ ti jáde ní Edinburgh ní 1868 láti ọwọ́ Baron Alphonse Nahuijs, nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣì gbóná, wọ́n sì kà á bí ẹ̀rí sí ìwà ìjọba aládùúgbò. Ekejì ní 1927 jẹ́ ti W. Siebenhaar, ọmọ Dutch tó ń gbé ní Ìwọ̀-Oòrùn Australia, ẹni tí òǹkọ̀wé D. H. Lawrence pàdé ní Perth ní 1922. Lawrence ló kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀, ó sọ pé ìtò ìwé náà rí rúdurùdu, ṣùgbọ́n pé ẹ̀gàn tí Multatuli fi ń na àwọn aláfẹnujẹ́ ni kò ní jẹ́ kí ó kú. Ọ̀rọ̀ Lawrence tọ́ ní apá kan, àmọ́ ó kéré sí ẹ̀tọ́ Saidjah. Roy Edwards túmọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i ní 1967, Ina Rilke àti David McKay sì tún un ṣe ní 2019. Lẹ́yìn òmìnira Indonéṣíà, H. B. Jassin túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Indonéṣíà ní 1972, Pramoedya Ananta Toer, tí ó ga jù nínú àwọn òǹkọ̀wé orílẹ̀-èdè náà, sì kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn New York Times ní 1999 pé ìwé yìí ni ó pa ìjọba amúnisìn. Ìwé mélòó ni ẹni tí wọ́n mú sìn jẹ́rìí sí báyìí?

Multatuli rí ògbufọ̀ tuntun lẹ́yìn ogójì sí ọgọ́ta ọdún, ṣùgbọ́n Louis Couperus, tí wọ́n bí ní The Hague ní 1863, rí ẹni tó fi ayé rẹ̀ jìn ín. Alexander Teixeira de Mattos ni orúkọ onítọ̀hún. Amsterdam ni wọ́n ti bí i ní 1865 sí ìdílé Júù tó ṣẹ̀ wá láti ilẹ̀ Potogí, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí wọ́n kó lọ sí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tó fún un ní èdè méjèèjì láti kékeré. Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀: ó túmọ̀ Maeterlinck àti ìwé Fabre nípa kòkòrò láti inú Faransé, ó sì ń padà sí ọ̀dọ̀ Couperus láàárín ọgbọ̀n ọdún. Òun ló mú kí ìwé mẹ́rin tí Couperus kọ nípa ìdílé kan ní The Hague, àti èyí tó sọ nípa àwọn arúgbó méjì tí ìpànìyàn tí wọ́n lọ́wọ́ sí ní Java ní ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn kò jẹ́ kí wọ́n rí ojú kú, dé ọwọ́ àwọn òǹkàwé ní Lọ́ńdọ̀nù àti New York. Èyí ẹ̀yìn náà ni ó dára jù nínú gbogbo iṣẹ́ Couperus, nítorí ìwé díẹ̀ ló wà níbikíbi tó fi bí àṣírí ṣe ń gbọ̀n nínú egungun ìdílé hàn láìgbóhùn sókè bẹ́ẹ̀. Teixeira túmọ̀ De stille kracht pẹ̀lú, ìwé 1900 nípa ajẹ́lẹ̀ Dutch kan ní Java tó gbà pé ìwé òfin àti ìṣirò tó fún ìṣàkóso, títí agbára àìrí ilẹ̀ náà fi wó ilé rẹ̀ lé e lórí.

Teixeira kú ní 1921, Couperus tẹ̀lé e ní 1923, ìkórè náà sì gbẹ. Àwọn òǹkàwé Couperus ní Gẹ̀ẹ́sì kò sọ pé àwọn kò fẹ́ mọ́. Ẹni tó ń gbé e wá fún wọn ni kò sí mọ́. Ó di àwọn ọdún 1980 kí E. M. Beekman, ọ̀jọ̀gbọ́n ọmọ Dutch ní Yunifásítì Massachusetts, tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ọ̀wọ́ ìwé kan tó kó lítíréṣọ̀ Indies jọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, nínú èyí tí ó ti tún ìtumọ̀ De stille kracht ṣe ní 1985. Ọ̀wọ́ kan náà ni ó gbé Maria Dermoût yọ lẹ́ẹ̀kejì, obìnrin tí wọ́n bí ní Java ní 1888 tí kò tẹ ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀ títí ó fi lé ní ọgọ́ta ọdún, tí De tienduizend dingen rẹ̀ ti 1955 sì ti wọ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1958 láti ọwọ́ Hans Koningsberger.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba Dutch rí i pé kò yẹ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún oríire. Ní 1954 wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa polongo ìwé Dutch lókèèrè, láti máa fi àpẹẹrẹ ìtumọ̀ ránṣẹ́ sí àwọn atẹ̀wé, àti láti máa san nínú owó ògbufọ̀. Àjọ náà yí orúkọ padà lẹ́ẹ̀mejì, òun ni ó sì wá di Nederlands Letterenfonds ní 2010. Ìwé tó tàn kálẹ̀ jù lọ láti inú èdè Dutch kò tilẹ̀ dúró dè é: ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ Anne Frank jáde ní Amsterdam ní 1947, B. M. Mooyaart-Doubleday sì ti túmọ̀ rẹ̀ ní 1952. Àwọn tó kà á jákèjádò ayé kò níye, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì rántí pé èdè Dutch ni ọmọbìnrin náà fi kọ ọ́.

Láàárín àwọn tó ṣiṣẹ́ ní àsìkò yìí, James S Holmes yẹ ní ìyìn ọ̀tọ̀. Ará Iowa ní Amẹ́ríkà ni, ó dé Nẹ́dálándì ní 1949 gẹ́gẹ́ bí olùkọ́, kò sì padà mọ́. Ó túmọ̀ àwọn akéwì Dutch débi pé wọ́n fún un ní àmì-ẹ̀yẹ Martinus Nijhoff ní 1956, òun sì ni àlejò àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn náà, tí wọ́n fi orúkọ akéwì àti ògbufọ̀ ńlá kan pè. Ní 1972, níbi àpéjọ àwọn onímọ̀ èdè kan ní Copenhagen, ó ka ìwé kan tó là á sílẹ̀ pé ẹ̀kọ́ nípa ìtumọ̀ yẹ kó dá dúró gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ka ìmọ̀, ó sì to àwọn apá rẹ̀ kalẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìtumọ̀ tó wà ní yunifásítì lónìí ló ń tọ́ka sí ìwé yẹn. Ẹni tó kọ ọ́ ti fi ọdún lé ní ogún wo bí ìlà ewì Dutch kan ṣe lè dúró ní Gẹ̀ẹ́sì láìṣubú.

Síbẹ̀ owó àjọ kò lè yá àwọn ìwé tí àwọn ará ilé fẹ́ràn jù lẹ́sẹ̀. Nescio, tí orúkọ àbísọ rẹ̀ ń jẹ́ J. H. F. Grönloh, tó sì jẹ́ ọ̀gá ní ilé-iṣẹ́ òwò kan, kọ ìtàn kéékèèké láàárín 1911 àti 1918 nípa àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n fẹ́ yí ayé padà kí iṣẹ́ ọ́fíìsì tó gbé wọn mì. Damion Searls ló mú un wọ Gẹ̀ẹ́sì ní 2012. De avonden tí Gerard Reve tẹ̀ ní 1947 dúró títí di 2016 kí ìtumọ̀ Sam Garrett tó jáde. Alẹ́ mẹ́wàá ní ìparí ọdún 1946 ni ìwé náà sọ, nípa ọ̀dọ́mọkùnrin akọ̀wé ọ́fíìsì kan tó ń gbé lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá rẹ̀, tí kò sí ohun kan tó ń ṣẹlẹ̀ sí i. Ní alẹ́ tó kẹ́yìn ọdún, ìyá gbé ìgò kan tó rò pé wáìnì ni wá sórí tábìlì, ó wá já sí omi èso ápù àti bẹ́rì lásán. Gbogbo ìfẹ́, ìtìjú àti àánú tó wà nínú ilé náà ló kóra jọ sínú ìgò yẹn. Kò sí ilẹ̀ Java níbẹ̀, kò sì sí ogun tí atẹ̀wé Lọ́ńdọ̀nù lè fi polówó, ohun tó sì fi pẹ́ nìyẹn. Ìwé ogun W. F. Hermans, De donkere kamer van Damokles, ní tirẹ̀ jáde ní 1958, Roy Edwards sì ti túmọ̀ rẹ̀ ní 1962, kí Ina Rilke tó tún un túmọ̀ ní 2007.

Àyípadà tó gbèrú jù ni ti iyì ògbufọ̀ fúnra rẹ̀. Nígbà tí The Twin ti Gerbrand Bakker gba àmì-ẹ̀yẹ IMPAC ti Dublin ní 2010, David Colmer tó túmọ̀ rẹ̀ gba ìpín nínú owó náà. Nígbà tí Marieke Lucas Rijneveld gba àmì-ẹ̀yẹ International Booker ní 2020, ìdajì gééré nínú £50,000 ni Michele Hutchison gbà. Ẹni tó túmọ̀ Everyman ìbá ti gbọ́ èyí.

Ohun tó kù láti ṣe ṣì pọ̀. Het Bureau ti J. J. Voskuil, apá méje tó jáde láàárín 1996 àti 2000 nípa ilé-iṣẹ́ ìwádìí àṣà kan ní Amsterdam, ti wà lódindi ní èdè Jámánì láti ọwọ́ Gerd Busse, ó sì yẹ kí atẹ̀wé Gẹ̀ẹ́sì kan ní irú ìgboyà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Suriname ni gbèsè náà wúwo sí jù. Anton de Kom, tí wọ́n bí ní Paramaribo ní 1898 sí ìdílé tí bàbá rẹ̀ ti jẹ́ ẹrú rí, kọ Wij slaven van Suriname ní 1934, òun ni ọmọ ilẹ̀ náà àkọ́kọ́ tó kọ ìtàn ẹrú láti ojú àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú. Ó kú sí àgọ́ ìjìyà àwọn Nazi ní 1945. Ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ ti ìwé náà kò jáde títí di 1987, èyí tí David McKay túmọ̀ sì dé ní 2022. Ìwé tí Astrid Roemer kọ ní 1982 nípa obìnrin tó sá kúrò lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án gba ogójì ọdún kí Lucy Scott tó túmọ̀ rẹ̀ ní 2023. Edgar Cairo, tó kọ Temekoe ní 1969 ní èdè Sranan, èdè tí àwọn ẹrú Suriname dá sílẹ̀, kí òun fúnra rẹ̀ tó tún un kọ ní Dutch tí wọ́n ń sọ ní Paramaribo, ni ó le jù láti túmọ̀ nínú wọn, nítorí gbólóhùn rẹ̀ ń rìn bí ọ̀rọ̀ ẹnu, òwe àti ìfọ̀rọ̀dárà sì ń já wọ inú Dutch rẹ̀ láìgba àṣẹ. Ògbufọ̀ tó bá fẹ́ gbé e kò ní rí ìrànlọ́wọ́ nínú Gẹ̀ẹ́sì ilé ìwé. Ó máa ní láti lọ wo bí Amos Tutuola ṣe mú Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ràn sí ọ̀rọ̀ ẹnu Yorùbá lẹ́nu nínú The Palm-Wine Drinkard ní 1952, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.